Àtẹ̀jíṣẹ́ Tó Tú Ọjà Ejìnrìn Ká

“Ẹ kú àárọ̀ o. Ọ̀la ni ọjà Ejìnrìn. Ẹ tètè dé. Mùnírátù ló ń kí yín.”

Àtẹ̀jíṣẹ́ ọ̀hún kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kẹrin rèé tí Ìnsípẹ́kítọ̀ Fọláwùmí Ajíbóyè yóò kà á, kò sì rí ibi kankan nínú rẹ̀ tó jọ ìwà ọ̀daràn. Ó sọ ẹ̀pà méjì sẹ́nu, ó sún fóònù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì. Àwọn tó mọ obìnrin yìí ní àgọ́ ọlọ́pàá mọ̀ pé tí ẹ̀pà bá ti ń dún lẹ́nu rẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé ebi ló máa ń pa á.

Ohun tí àtẹ̀jíṣẹ́ kékeré yìí dá sílẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹfà ọdún 2008, ó wọ inú fóònù àwọn oníbàárà tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, àwọn tó máa ń ti Ìkòròdú lọ ra ẹja àti ata ní Ejìnrìn. Wọ́n kà á, wọ́n jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Ọjọ́bọ̀ yẹn gan-an ni ọjọ́ ọjà. Àwọn apẹja kó ẹja gúnlẹ̀ sétí ọ̀sà, àwọn àgbẹ̀ kó ata àti ẹ̀fọ́ dé, wọ́n wo ọ̀nà títí ojú wọn fi pọ́n, wọn ò rí ẹni tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni bọ́ọ̀sì mẹ́fà wá já oníbàárà sílẹ̀ sínú ọjà tó ṣófo, tí ewúrẹ́ ń sùn lórí àtẹ. Ẹja tó jẹrà lọ́jọ́ náà, àwọn kan búra pé òórùn rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́.

Mùnírátù tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà ló jókòó níwájú Ìnsípẹ́kítọ̀ báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ọmọ Ìwó, òun àti àǹtí rẹ̀ ló jọ ń gbé yàrá kan ní Agric, ní Ìkòròdú. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Ìfọ̀nàhàn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń ṣe oríṣiríṣi ètò fún kọ̀ǹpútà. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn ni wọ́n pè ní Alágogo, òun ló ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ kéde ọjọ́ ọjà. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti mú ọmọbìnrin yìí wá sí àgọ́. Òní jẹ́ Ọjọ́rú. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, wọn yóò gbé e lọ sílé ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ti ránṣẹ́ pé kí wọ́n dá ọ̀rọ̀ yìgì dúró ná. Orúkọ rere tó kù fún un láyé kò ju ọjọ́ méjì lọ mọ́.

“Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́?”

“Rárá, mà.”

“Orúkọ ta ló wà níbẹ̀?”

“Orúkọ mi ni, mà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí Alágogo tuntun ti dé, èmi kọ́ ni mò ń tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ̀rọ ló ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n kàn fi orúkọ mi sílẹ̀ ni, torí àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n, wọ́n sì gbà á gbọ́.”

Kò sunkún, kò búra. Ó kàn ń ká etí ìbòrí rẹ̀, ó ń tú u, ó tún ń ká a. Ìnsípẹ́kítọ̀ ti rí ọ̀pọ̀ tí omijé wọn ń dà wọ̀ọ̀ tí irọ́ sì kún inú wọn, ìdí nìyẹn tí ẹni tí kò sunkún fi máa ń tètè ká a lára. Àánú ọmọ náà ṣe é gan-an. Àmọ́ ilé ẹjọ́ kì í gba àánú bí ẹ̀rí, ló bá dìde, ó lọ wá ẹ̀rí.

Ọ́fíìsì Ìfọ̀nàhàn wà lókè ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta táyà ní Agric. Oríyọmí ló jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Tìmílẹ́hìn ló ń kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Oríyọmí ṣàlàyé pé ó dun òun bí ẹni pé wọ́n gé òun lọ́bẹ, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí òun yóò yà sí tí ẹ̀rí kò ní tọ́ka sí Mùnírátù. Òun ló ń mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì dání. Òun ló mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí wọ́n fi ń ṣí kọ̀ǹpútà. Àǹtí rẹ̀ ń ta ẹja tútù inú fìríìsà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ẹja ọ̀hún sì tán pátápátá lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò lọ sí Ejìnrìn. Èyí tó wá burú jù ni pé nígbà tí wọ́n ṣèpàdé lórí Alágogo tuntun, ọmọbìnrin náà nìkan ló dìde pé òun kò fara mọ́ ọn, ó ní ẹ̀rọ kò lè mọ ìṣe ọjà. Oríyọmí ní ó jọ pé ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà tẹ́ ni.

Ìnsípẹ́kítọ̀ bi Tìmílẹ́hìn bóyá ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò lè ṣàṣìṣe.

“Ẹ̀rọ kì í purọ́, mà. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ohun tí mo ní kó kà gan-an ló ń kà. Ẹnìkan ló fọwọ́ kàn án.”

“Ta ló tún mọ ọ̀rọ̀ àṣírí yẹn?”

Oríyọmí ló wá sọ ọ́: Sànní, ẹnìkejì òun, tí àwọn jọ dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀, tó sì bínú lọ ní oṣù kẹrin. Wọn kò tíì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ àṣírí náà látìgbà tó ti lọ.

Kí Ìnsípẹ́kítọ̀ tó jáde, ó tẹjú mọ́ bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ìwé ìròyìn olójú-ewé kan ni, èyí tí Ìfọ̀nàhàn máa ń tẹ̀ lóṣooṣù. Lókè, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé Alágogo tuntun ti dé, pé láti ọjọ́ kẹrin oṣù yìí, tíí ṣe ọjọ́ ọjà Ejìnrìn, ni ẹ̀rọ yóò ti máa ka ọjọ́ ọjà fúnra rẹ̀, ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án, àṣìṣe ọmọ ènìyàn ti dópin. Nísàlẹ̀ ni àwòrán àwọn ọmọ Ejìnrìn wà, tí wọ́n yí kọ̀ǹpútà kan ká tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìfọ̀nàhàn ló fi kọ̀ǹpútà náà ta wọ́n lọ́rẹ, Tìmílẹ́hìn sì máa ń lọ kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo Àbámẹ́ta. Ìnsípẹ́kítọ̀ tọrọ ẹyọ kan nínú bébà náà. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ra ẹ̀pà tuntun, ó fi bébà náà wé e.

Ẹja ni ó kọ́kọ́ yanjú. Àwọn tí wọ́n jọ ń tajà pẹ̀lú àǹtí Mùnírátù sọ fún un pé láti ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ yẹn ni iná kò ti sí, àwọn sì rí obìnrin náà tó ń bẹ èèyàn kí wọ́n wá gbé ẹja kó tó yọ́ tán. Àdánù ló fi tà á. Ẹni tó fẹ́ fi ẹ̀tàn fa oníbàárà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ kì í fi ọjà ta ọrẹ, Ìnsípẹ́kítọ̀ sì yọ àǹtí kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó kù Sànní. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ báyìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gáréèjì Ìkòròdú, ó ń báni tẹ̀wé, ó ń báni ṣe ẹ̀dà. Nígbà tó gbọ́ ohun tó gbé ọlọ́pàá wá, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa á.

“Madam, that Thursday, phone sef I no touch am.” Ó na ọwọ́ sí kàlẹ́ńdà tó fi kọ́ sí ara ògiri, ó ti fi bírò pupa yí ọjọ́ méjì po níbẹ̀. “Ẹ wò ó. Ọjọ́ karùn-ún ni ìyàwó mi bímọ. Ọjọ́ kejìlá rèé, a sọ ọ́ lórúkọ. Láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni mo ti ń fa okùn àgbò. Ẹ bi gbogbo àdúgbò.”

Kò pẹ́ rárá kí àdúgbò tó dáhùn. Fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ní bẹ́ẹ̀ ni, òun wà níbẹ̀ láti ìdájí, egungun lásán ni wọ́n sì fún òun, inú ṣì ń bí i títí di òní. Ìnsípẹ́kítọ̀ gbà pé Sànní kò ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kúrò níwájú kàlẹ́ńdà náà. Nǹkan kan níbẹ̀ ń yún un lọ́kàn, kò sì mọ ohun tó jẹ́.

Sànní wá sọ nǹkan mìíràn, ẹ̀rín sì ti kúrò lójú rẹ̀. Ó ní òun bínú sí Oríyọmí lóòótọ́, àmọ́ kí wọ́n fi Mùnírátù sílẹ̀. Nígbà tí òun ṣì wà níbẹ̀, ọmọbìnrin náà kì í tẹ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan láìjẹ́ pé ó ti pe ìyá àgbà kan ní Ejìnrìn lórí fóònù, tí ìyá náà bá sọ pé ọ̀la ni, ìgbà yẹn ni yóò tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé Ìyá Ìbídùnní ni kàlẹ́ńdà rẹ̀. Nígbà tí Alágogo tuntun dé, Oríyọmí ní kó má pe ìyá náà mọ́, pé àsìkò ló ń fi ṣòfò.

Ọ̀sán Ọjọ́rú náà ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wọ ọkọ̀ dé Ẹ̀pẹ́, ó sì gun ọ̀kadà dé Ejìnrìn. Ìyá Ìbídùnní jókòó lẹ́bàá ọ̀sà níbi tó ti ń ta òwú tí wọ́n fi ń hun àwọ̀n. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, etí rẹ̀ sì mú ju ti ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá lọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ kúnlẹ̀ kí i, ó bi í bóyá àtẹ̀jíṣẹ́ náà ṣi màmá náà lọ́nà.

Màmá ní kí ni àtẹ̀jíṣẹ́ fẹ́ sọ fún òun nípa ọjà tí wọ́n bí òun sínú rẹ̀. Kò sí ọmọ Ejìnrìn kan tó ṣìnà lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló pésẹ̀. Àwọn tó jókòó sílé ni àwọn tó ti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun wá gbé Ìkòròdú, tí wọn kò mọ ọjà náà bí kò ṣe láti inú fóònù.

“Ìgbà wo ni Mùnírátù pè yín kẹ́yìn, mà?”

Ojú ìyá àgbà náà yí padà. “Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí, n kò gbóhùn rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, tí ọjà bá ti ku ọ̀la, yóò pè mí. Yóò béèrè orúnkún mi kó tó béèrè ọjà. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjà yẹn, mo gbé fóònù sórí itan títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́ ni.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í bí wọ́n ṣe ń ka ọjà náà.

“Ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ná an kí wọ́n tó bí ìyá tó bí mi. Ọ̀túnla ni èyí tó kàn. Ọmọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní kọ̀ǹpútà ti bi mí bẹ́ẹ̀ rí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ọmọ dáadáa ni.”

Nínú ọkọ̀ tó ń padà sí Ìkòròdú, Ìnsípẹ́kítọ̀ tú bébà ẹ̀pà rẹ̀. Ojú rẹ̀ bọ́ sórí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹ̀rọ ń ka ọjọ́ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Ohun tí màmá sọ náà nìyẹn. Ìyá àgbà kò bá ẹ̀rọ jà, ẹ̀rọ kò bá ìyá jà, síbẹ̀ ọjà wọn kò bọ́ sí ọjọ́ kan náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀pà sórí itan rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kàlẹ́ńdà Sànní wá sí i lọ́kàn, òun àti àmì pupa méjèèjì, Ọjọ́bọ̀ lókè, Ọjọ́bọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin tó jókòó tì í rọra sún mọ́ fèrèsé.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó mú Mùnírátù lọ sí ọ́fíìsì Ìfọ̀nàhàn. Ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà bí àlejò. Ìnsípẹ́kítọ̀ ní kí Tìmílẹ́hìn fi àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹ̀rọ ti tò sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú han òun. Ó ṣí wọn. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún, ni ẹ̀rọ fi ọjà tó kàn sí. Èyí tó tẹ̀ lé e bọ́ sí ọjọ́ kìíní oṣù keje.

“Ọ̀la ni ọjà tó kàn ní Ejìnrìn,” Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. “Ẹnu Ìyá Ìbídùnní ni mo ti gbọ́ ọ. Èyí tó kọjá, ẹ̀rọ rẹ fi ọjọ́ kan pẹ́. Èyí tó ń bọ̀ yìí, ọjọ́ méjì. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, mẹ́ta. Ọ̀tá wo ló ń to irọ́ rẹ̀ báyìí, tí ó ń fi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lé e? Ẹni tó fẹ́ tú ọjà ká, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ní kò sí ọjà.”

Tìmílẹ́hìn ní òun kò mọ̀. Ìnsípẹ́kítọ̀ da ẹ̀pà sórí tábìlì.

“Ká ní òní ni ọjà. To ẹ̀pà fún mi dé ọjà tó kàn, bí o ṣe kọ́ ẹ̀rọ rẹ.”

Ọmọkùnrin náà mú ẹ̀pà kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òní nìyẹn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la, ó to mẹ́sàn-án.

“Kí ló dé tí o yọ ti àkọ́kọ́ sọ́tọ̀?”

“A kì í ka òní, mà. Láti ọ̀la la ti ń kà.”

“Ta ló sọ fún ọ? Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n bí ọmọ Sànní, Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ọjọ́ kelòó ni Yorùbá ń sọ ọmọ lórúkọ?”

“Ọjọ́ kẹjọ, mà.”

“Kà á bí o ṣe ka ọjà.”

Tìmílẹ́hìn wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, ó ń fi ìka kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Ó dé méje, ọjọ́ sì tán. Ó tún un kà, méje náà ni. Nígbà tí ó gbójú sókè, ó ti yé e.

Ìnsípẹ́kítọ̀ fi ìka kan fa ẹ̀pà tó wà lọ́tọ̀ mọ́ àwọn yòókù, ó sì mú èyí tó gbẹ̀yìn jù sẹ́nu. “Lọ́dọ̀ àwọn tó ni ọjà, òní wà nínú kíkà. Ọjọ́ tí o dúró lé lórí ni àkọ́kọ́. Mẹ́sàn-án tí màmá sọ fún ọ, mẹ́jọ ni lọ́dọ̀ ẹ̀rọ. Màmá kò purọ́, ìwọ náà kò sì purọ́. Ẹ kàn ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.”

Ìlú Èkó gan-an ni wọ́n bí Tìmílẹ́hìn sí, ibi tí ọjà ti ń wà lójoojúmọ́ ayé. Kò ná ọjà tó ń sinmi rí láyé rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Mùnírátù, ó ní òun ni òun ṣe é, òun kò sì mọ̀. Mùnírátù ní kó dìde, ó ní òun mọ̀ pé kì í ṣe èèyàn burúkú. Oríyọmí ò lè gbójú sókè, torí òun ló fọwọ́ sí ìwé tí ọlọ́pàá fi mú ọmọ ọlọ́mọ. Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ fún un láìfi bò pé kì í ṣe àsìkò ni ìpè tí ó dá dúró yẹn ń fi ṣòfò. Ìpè yẹn gan-an ló ń mú kí Alágogo máa sọ òótọ́.

Kò sí òfin tó ní kí wọ́n ti ẹni tó ṣi ọjọ́ kà mọ́lé, nítorí náà kò mú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó la nǹkan méjì sílẹ̀. Lọ́la, Tìmílẹ́hìn yóò dúró láàárín ọjà Ejìnrìn, yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bí ó ṣe ṣẹlẹ̀, lójú àwọn òbí ọmọ tó ń kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ òní, Oríyọmí yóò lọ bá àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà Mùnírátù nílé, kò gbọdọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe é. Àwọn méjèèjì ní àwọn gbọ́.

Lẹ́yìn náà ló mú fóònù Mùnírátù jáde nínú báàgì, ó dá a padà fún un. Ọmọbìnrin náà kò pe àǹtí rẹ̀, kò sì pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Nọ́ńbà tí ìka rẹ̀ mọ̀ láìwò ló tẹ̀.

“Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orúnkún yín ńkọ́?”

Gbogbo ọ́fíìsì ń gbọ́ bí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ṣe ń fẹ́ nínú fóònù náà.

“Ó ń dùn mí, ọmọ mi. Kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o ò pè mí?”

“Ẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan, mà. Ṣé ọ̀la ni?”

“Ọ̀la ni.”

Ìgbà yẹn ni Mùnírátù tó sunkún, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ìnsípẹ́kítọ̀ kó ìyókù ẹ̀pà rẹ̀ sínú bébà, ó kọjú sí fèrèsé. Ọmọbìnrin náà fi ìbòrí nu ojú, ó fa àga sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ pé ọ̀la ni ọjà Ejìnrìn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀.